Fíìmù Ń Sáré, Fọ́ọ̀mù Ń Rákò: Kí Ló Fà Á?

Lẹ́tà tó wà níwájú mi lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn ló ti wá. Awakọ̀ kan ló bá wọn mú un wá sí ọ́fíìsì wa. Báírò ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí ìwé ọmọ iléèwé, ojú ewé méjì gbáko. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ wọn kúrò bí wọ́n ṣe bẹ̀ mí, àmọ́ ohùn wọn nìyí:

"Ọ̀gbẹ́ni akọ̀ròyìn, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ gba fọ́ọ̀mù iléèwé gíga kan. Wọ́n ní orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń gbà á, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n sì máa tì í. Láti ọjọ́ Ajé lọmọ yìí ti ń tẹ fóònù. Ojú ewé náà á funfun báláú, nǹkan kan á máa yí róbótó láàárín, kò ní í ṣí. Dátà ẹgbẹ̀rún náírà ti wọlẹ̀ lórí ẹ̀. Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jókòó tì í, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan náà ni wọ́n jọ ń lò, ìyẹn ń wo fíìmù aláwàdà lórí YouTube, fíìmù náà ò sì dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Báwo ni fíìmù odidi wákàtí kan ṣe máa yára ju ìwé pélébé kan lọ? Ṣé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò fẹ́ràn ìwé kíkà ni? Àbí fóònù ọmọ mi ló ń ṣàìsàn?"

Ìyá mi, nígbà tí mo ka ibi tẹ́ ẹ ti ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò fẹ́ràn ìwé kíkà, mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi. Lọ́dún 2018, nígbà tí mo jáde iléèwé girama, èmi náà jókòó sí káfé kan láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí tí wọ́n fi ń palẹ̀ mọ́, mò ń wo nǹkan róbótó yẹn. Mo sanwó wákàtí kan, mo tún san òmíràn, mo san owó ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi padà sílé. Ojú ewé ò ṣí. Ọjọ́ kọjá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó ti di nǹkan mìíràn nílé wa, bí mo ṣe di akọ̀ròyìn nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo rò pé orí mi ni kò fẹ́ ẹ.

Nítorí náà mi ò fi lẹ́tà yín sábẹ́ àwọn tó kù. Mo mú un lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ní Ìkẹjà. Iléèwé kan náà la jọ lọ. Òun ló mọ ìṣirò, èmi ni mo mọ àròkọ. Ó ṣí ojú ewé fọ́ọ̀mù náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo ohun tí ojú ewé yẹn ń béèrè bá bẹ̀rẹ̀ sí í tò wálẹ̀ bí orúkọ àwọn tó dáwó níbi ìnáwó.

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Èmi rò pé ohun kan ṣoṣo ni ojú ewé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àmì iléèwé wà lọ́tọ̀. Bí lẹ́tà ṣe máa rí wà lọ́tọ̀. Ìwé tó ń sọ àwọ̀ àti ìlà wà lọ́tọ̀, èyí tó ń sọ fún fóònù pé "tí wọ́n bá tẹ ibí, ṣe báyìí" náà wà lọ́tọ̀, oríṣiríṣi. Àwòrán ọ̀gá iléèwé nínú aṣọ oyè náà wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lé ní ogójì. Àwòrán ọ̀gá yìí nìkan wúwo ju gbogbo ìyókù lọ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá lọmọ yín fẹ́ gbà, fọ́ọ̀mù ni.

Mo ní níbo ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí? Ọ̀rẹ́ mi tún tẹ nǹkan kan, ó ní, "Jámánì ni." Inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Jámánì ni gbogbo fáìlì náà ń gbé. Sáfà ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, òun ló máa ń dá fóònù lóhùn tí fóònù bá béèrè nǹkan. Ẹ ò rí nǹkan? Iléèwé wà nílẹ̀ Yorùbá níbí, ọmọ wà ní Ìsẹ́yìn, àmì iléèwé ń ti Jámánì bọ̀.

Ẹ lè sọ pé kí ló burú níbẹ̀, ṣebí mànàmáná ni íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú wáyà abẹ́ òkun, ó sì ń rìn tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó dé London tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà bí ẹyẹ bá fò ó. Wáyà òkun gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń bá etí ilẹ̀ Áfíríkà yí po ni. Àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká pè é ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, tí ọ̀nà bá dán. Ìpajú ni.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ná. Kọ̀ǹpútà, Yorùbá ni wọ́n tó bá di ti ìkíni. Fóònù ò lè kàn dédé já lu sáfà kó ní "gbé àwòrán wá." Á kọ́kọ́ kí i. Sáfà á dáhùn. Wọ́n á tún jọ fohùn ṣọ̀kan lórí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n máa fi ti ọ̀rọ̀ wọn pa, kí olófòófó má baà gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù tó máa sọ ohun tó bá wá. Ìrìn àjò mẹ́ta tàbí mẹ́rin nìyẹn lórí òkun kí fáìlì àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Fáìlì yẹn á ní òun nílò òmíràn, òmíràn náà á ní ó ku ẹnì kan lẹ́yìn òun. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá wá ń ṣe ségesège, tí nǹkan kan jábọ́ lọ́nà, Jámánì ni wọ́n á tún ti gbé e bọ̀. Èyí tó burú jù ni pé lọ́jọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ bá ń kan ilẹ̀kùn kan náà, sáfà tó dá wà yẹn á máa pín àwòrán ọ̀gá kiri títí èémí á fi pin ín, kò ní í ráyè gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Fíìmù aláwàdà ńkọ́? Fíìmù yẹn ò la òkun kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín. Google tó ni YouTube ti kó ẹ̀rọ tirẹ̀ wọ inú iléeṣẹ́ àwọn tó ń ta nẹ́tíwọ̀ọ̀kì káàkiri ayé, Nàìjíríà náà wà nínú ẹ̀. Fíìmù tí èrò bá ń wò dáadáa, ẹ̀dà rẹ̀ á ti wà nílẹ̀ níbí. Netflix náà ti ń ṣe irú ẹ̀ láti ọdún 2012. Ọmọ yín ọkùnrin ń fa omi kànga ẹ̀yìnkùlé, ọmọ yín obìnrin ń pọn omi láti Jámánì. Fóònù rẹ̀ ò ṣàìsàn o.

Ẹ wo ìwé ìròyìn tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Ṣé ilé ìtẹ̀wé wa lẹ ti wá rà á ni? Rárá. Òru ni mọ́tò ti gbé e, fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn ti tò ó sórí tábìlì ní Ìsẹ́yìn, ní Ọ̀yọ́, ní Ìlọrin, kẹ́ ẹ tó jí. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn bẹ́ẹ̀ ni pé èyí tẹ́ ẹ̀ ń kà ò yàtọ̀ sí ti ará Ìlọrin. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi fẹ́ńdọ̀ pé "ṣé akọ̀ròyìn yẹn ti rí lẹ́tà mi?" á wò yín lójú ni. Èmi nìkan lẹ lè bi.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lojú ewé wẹ́ẹ̀bù ṣe rí. Àmì iléèwé, àwọ̀, lẹ́tà, ìwé àṣẹ, àwòrán ọ̀gá, bákan náà ni lójú gbogbo ẹni tó bá wò ó. Static file làwọn oníṣẹ́ ń pè é. Èmi á máa pè é ní fáìlì àjọlò. Orúkọ ọmọ yín, máàkì rẹ̀, owó tó san, ti òun nìkan nìyẹn. Fáìlì àjọlò ni kí wọ́n kó fún fẹ́ńdọ̀. Fẹ́ńdọ̀ tibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní edge server, ẹ jẹ́ ká pè é ní sáfà etílé, ẹ̀rọ tó wà nítòsí èrò, tó ń dá ará àdúgbò rẹ̀ lóhùn. Ti Èkó wà, ti Johannesburg wà, ti São Paulo náà wà. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá béèrè l'Ékòó ló máa dúró díẹ̀, torí sáfà etílé á kọ́kọ́ lọ gbà á lọ́wọ́ sáfà ìyá ní Jámánì, á wá fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ẹni kejì títí dé ẹni ẹgbàárùn-ún, ó ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ tó máa ku sáfà ìyá lọ́rùn ò ju gbígba fọ́ọ̀mù lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1995, Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà pé èrò máa tó dí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì pa. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan, Tom Leighton, gbé e rò. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Danny Lewin, bá a dá sí i. Lọ́dún 1998 wọ́n dá iléeṣẹ́ Akamai sílẹ̀. Èdè àwọn ará Hawaii ni orúkọ náà, "ọlọ́gbọ́n" ló túmọ̀ sí. Lewin wà nínú ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọlu ilé gogoro New York lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Lọ́jọ́ náà gan-an, gbogbo ayé ń rọ́ lọ wá ìròyìn lórí wẹ́ẹ̀bù, iṣẹ́ tóun àti ọ̀gá rẹ̀ ṣe sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ojú ewé ìròyìn wó lulẹ̀.

Nílé níbí náà, àwọn kan ti ṣiṣẹ́. Nígbà kan, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjì l'Ékòó á gba London kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n dá IXPN sílẹ̀, ibi tí àwọn oní-nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń so wáyà wọn pọ̀, kí ọ̀rọ̀ Ìkẹjà sí Ìkòròdú má baà dé ìlú òyìnbó kó tó bọ̀. Láìsí irú ibẹ̀, ẹ gbé sáfà etílé sí ẹnu ọ̀nà èèyàn, ó lè máà rí i lò.

Ẹ ó rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Abidjan. Báńkì ò dáhùn, oníṣòwò ò rówó gbà. Ọ̀rẹ́ mi ní ohun tó yà òun lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn ni pé àwọn ojú ewé kan ṣì ń ṣí dáadáa, àwòrán jáde, àmì jáde, torí ẹ̀dà wọn wà l'Ékòó. Àmọ́ téèyàn bá ní kóun wọlé sínú àkáǹtì, ó di ariwo. Ọ̀rọ̀ àdáni ṣì gbọ́dọ̀ la òkun kọjá. Fẹ́ńdọ̀ wà nílé, olóòtú ò sí.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé sáfà etílé ò ní wàhálà tirẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, olóòtú wa lè gé e kúrò. Tẹ́ ẹ bá rí i kà, ẹ mọ̀ pé inú wọn dùn lọ́jọ́ náà. Lọ́dún tó kọjá, a gbé ìkéde òkú baálẹ̀ kan sórí wẹ́ẹ̀bù wa. Àwòrán tá a fi sí i, ti àbúrò baálẹ̀ ni. Àbúrò yìí wà láàyè, ó ń jẹ iyán. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ọ́fíìsì. Ó ní, "Èmi tí mo kú lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ yìí o."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tá a fi pààrọ̀ àwòrán náà. Lórí sáfà ìyá, ó ti dáa. Àmọ́ gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀dọ̀ sáfà etílé wò ó, bàbá ṣì kú. Ìdí ni pé orúkọ fáìlì tuntun bá ti àtijọ́ mu láìyẹ lẹ́tà kan, a sì ti sọ fún sáfà etílé tẹ́lẹ̀ pé kó tọ́jú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan. Òun náà gbọ́ràn, ó ń tọ́jú ẹ̀. Oníṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù wa ní kó da ẹ̀dà rẹ̀ nù, ó dà á nù. Ẹ rò pé ó tán? Fóònù àwọn tó ti wò ó láàárọ̀ náà ti fi ẹ̀dà pamọ́ sínú ara wọn. Ta ló máa ti ọ́fíìsì wa na ọwọ́ dé inú fóònù oní-fóònù? Àna bàbá kan pè wọ́n láago mẹ́ta láti bá wọn kẹ́dùn, àwọn fúnra wọn ló gbé e. Ìgbà tí wọ́n fún àwòrán náà lórúkọ mìíràn lórí ojú ewé la tó sinmi.

Ọ̀rẹ́ mi ní ìyà náà tọ́ sí wa. Ó ní ká wo òkè ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn tiwa: ọjọ́ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ra ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kó rò pé ti òní ni. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí orúkọ fáìlì rí. Kọ̀ǹpútà lè ṣírò orúkọ náà látinú ohun tó wà nínú fáìlì, tó fi jẹ́ pé tí ẹyọ lẹ́tà kan bá yí padà, orúkọ náà á yí. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lèèyàn lè sọ fún sáfà pé kó tọ́jú fún ọdún kan. Ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń kà á, 31,536,000. Ojú ewé tó ń pe àwọn orúkọ náà ni kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀. Kó máa béèrè lọ́wọ́ ìyá bóyá tuntun ti dé. Ó tún ní kéèyàn má tètè pa fáìlì àtijọ́ rẹ́ o. Ẹni tó ṣí ojú ewé láàárọ̀ lè máa béèrè fáìlì àárọ̀ lọ́sàn-án. Tí kò bá bá a, funfun báláú náà ló máa rí.

Àṣìṣe kan wà tó burú ju ti bàbá tá a pa lọ. Iléeṣẹ́ Valve l'Amẹ́ríkà ló ni Steam, ọjà tí wọ́n ti ń ra eré kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ Kérésì ọdún 2015, àwọn oníjàǹbá ń fi ìbéèrè òfìfo bo ọjà náà mọ́lẹ̀. Láti fi gbà á sílẹ̀, wọ́n yí ètò ìpamọ́ ẹ̀dà padà. Ètò tuntun náà ṣìnà, ó ń tọ́jú ojú ewé àdáni bí ẹni pé fáìlì àjọlò ni. Ẹni tó ní kóun wo àkáǹtì tòun bá ti ẹlòmíràn níbẹ̀: àdírẹ́sì, ímeèlì, ohun tó rà. Valve fúnra wọn sọ pé nǹkan bí 34,000 èèyàn lọ́rọ̀ náà kàn. Ẹ wá fojú inú wò ó pé fọ́ọ̀mù ọmọ yín ni, ará Ìlọrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí wá ń ka nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ohunkóhun téèyàn bá ní láti fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ṣí, wọn ò gbọ́dọ̀ kó o fún fẹ́ńdọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí i lára pé kó má tọ́jú ẹ̀.

Fẹ́ńdọ̀ náà sì lè ṣubú. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2021, iléeṣẹ́ Fastly, ọ̀kan lára àwọn tó ní sáfà etílé, dákú. Oníbàárà wọn kan yí ètò tirẹ̀ padà, kò sì ṣe ohun tí kò yẹ. Àṣìṣe tó ti sá pamọ́ sínú iṣẹ́ wọn ló jí. Ojú ewé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ, ti New York Times lọ. Wọ́n ní láàárín ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta, ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti padà bọ̀ sípò. Èyí ò dẹ́rù bà mí tó sáfà kan ṣoṣo ní Jámánì.

Owó ńkọ́? Mo bi ọ̀rẹ́ mi, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ làwọn iléèwé wa máa sá sí. Ó ní Cloudflare, tí ẹ̀rọ wọn wà l'Ékòó, ní èyí tí wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀ fún wẹ́ẹ̀bù kékeré. Ó ní kí wọ́n dín àwòrán ọ̀gá kù pẹ̀lú, ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà, mo ṣàlàyé. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé e ní, "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín ni kò dáa." Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń tọ́jú wẹ́ẹ̀bù yín. Ó ní ẹni náà ò sí lórí ìjókòó. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì, wọn ò gbé e.

Mi ò lè dúró de ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yìí máa jáde, nítorí náà mo pe ìyá náà sórí fóònù. Mo ní kí wọ́n jí ọmọ wọn láàárín òru, nígbà tí èrò ò bá pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Jámánì. Wọ́n pè mí padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó wẹ̀. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ló ṣí. Ọmọ náà ti kún un, ó ti fi í ránṣẹ́, wọ́n ti fún un ní nọ́ńbà. Wọ́n ní títí tó fi parí, àwòrán ọ̀gá iléèwé ò tíì jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lórí mítà iná tó ń ka owó nígbà tí iná ò sí, mo ti rí lẹ́tà yín. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tiyín.